Halleluyah tí Ìyá Àgbà Gbé Mì

Bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè, mo ti gbé rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn kí n gbá a, nígbà tí ohùn ìyá bàbá mi la pápá já: "Halleluyah!" Bọ́ọ̀lù náà kọlu nẹ́ẹ̀tì, kò kọjá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Rẹfirí bọ́ sílẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀, ó lọ bá a nídìí wáyà tó yí pápá ká.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í pariwo nídìí tẹníìsì. Tẹ́ ẹ bá tún pariwo, màá ní kẹ́ ẹ jáde o."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àdúrà ni mò ń gbà fọ́mọ mi jàre."

Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yìí ni mò ń gbé ní Ìgandò. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń bá a ṣe àmín, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Láàárọ̀ kùtù, á ní kí n na ẹsẹ̀, á fi òrí ra á títí á fi gbóná, òórùn òrí á dà pọ̀ mọ́ ti àbẹ́là àti lọ́fíńdà tó wà lára sùtánà rẹ̀. Á máa pàṣẹ fún orúnkún mi bí ẹni ń bá alágídí wí. Lẹ́yìn náà ni màá máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé tí wọn ò tíì rẹ́, pó, pó, pó, títí ìró náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sùn lọ. Mo fẹ́ràn àwọn àárọ̀ yẹn gan-an.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹni tó bá borí ni yóò wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ìsìn tààrà ni ìyá àgbà ti wá, tòun ti sùtánà lọ́rùn. Ẹni tó bá sì wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Orí kọnkéré tó gbóná janjan ló dúró sí.

Lẹ́yìn ìkìlọ̀ yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọmọ tí mò ń bá gbá lágbára jù mí lọ. Ó ti rẹ̀ mí, òógùn ń wọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n ọkàn mi ló kọ́kọ́ fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì: bọ́ọ̀lù tó ti bọ́ ni mo ṣì ń rò tí òmíràn fi ń bọ̀. Mo wo ìdí wáyà. Ìyá àgbà ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ìkejì kalẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì jẹ́ kí ohùn kankan jáde. Mo ní tí obìnrin yìí bá lè pa ẹnu mọ́, èmi náà á lè gbàgbé bọ́ọ̀lù tó ti lọ. Mo mí kanlẹ̀. Ohun gbogbo wá dákẹ́ bíi pé mo wà nínú omi, bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ nìkan ló kù láyé. A gbá a títí oòrùn fi rọ̀.

Bọ́ọ̀lù tí mo gbá kẹ́yìn kọjá ìlà díẹ̀. Ọmọ yẹn ló borí. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń bi rẹfirí pé, "Ọ̀gá, ṣó ti parí? Ṣé mo lè pariwo wàyí?"

"Ẹ lè pariwo, Màmá, ṣùgbọ́n ọmọ yín ò borí o."

"Mo rí i. Ṣé ẹni tó bá borí nìkan lèèyàn ń pariwo fún ni?" Ló bá ké halleluyah tó ti gbé mì láti ọ̀sán, ó sì wọ pápá wá fà mí dìde. "Dìde, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Mi ò wọ ẹgbẹ́ yẹn títí dòní. Ìyá àgbà ti lọ sinmi, mo sì ti pàdánù ohun tó ju tẹníìsì lọ. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó sunkún, bíi pé ẹnì kan ṣì fẹ́ kọ́kọ́ pariwo fún mi.