Igun Àlùwàlá Bàbá Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Òun ni òjò àkọ́kọ́ tó lágbára lọ́dún yìí. Ó lu páànù wa títí, nígbà tó sì di àsùbá, ó dáwọ́ dúró lójijì bí ẹni tó rántí pé òun ní ibòmíràn tí òun ń lọ. Ojú ọ̀run ṣì dúdú lápá òkun. Afẹ́fẹ́ tutù, ó ń gbé òórùn ilẹ̀ tó ti ń pòǹgbẹ tipẹ́ wá, omi sì ń kán láti etí òrùlé sínú ike tí mo gbé sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé bùtà mi, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti ṣe àlùwàlá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan.

Ohùn náà nípọn, ó gùn, bí ẹni tó ń hanrun láìla ẹnu. Ọ̀kan ké, ó sinmi. Òmíràn dá a lóhùn láti abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Mo gbé bùtà kalẹ̀, mo fa àpótí ìjókòó mi, mo jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ tí ìyá àgbà á fi jókòó tì í. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀.

Lakpazee níbí, ní Monrovia, ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé yìí náà. Ìwó ni bàbá mi ti wá, ó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Bushrod Island, àwọn abọ́ funfun tí wọ́n ya òdòdó pupa sí nídìí. Ìyá mi ló ni ilé, mo fẹ́ sọ pé òun ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ohun tí ìyá mi fẹ́ràn jù láyé ni ilẹ̀ gbígbá. Kì í jẹ́ kí àlejò kankan bá ilẹ̀ láìgbá. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni gbogbo àgbàlá wa nígbà náà, kò sí koríko kan, ìyá mi á sì gbá a láàárọ̀ títí ojú ọwọ̀ á fi hàn lórí rẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà, bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ á gbọ́ ọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò ju ìwé mẹ́ta lọ nílé ẹ̀kọ́, mo lè sọ pé ìgbálẹ̀ ni mo kà jù, mo sì yege nínú rẹ̀ dáadáa.

Ibì kan péré ni ọwọ̀ ìyá mi kì í dé. Igun ẹ̀yìn ilé ni, lápá ọgbà tó pààlà àwa àti ilé kejì, níbi tí bàbá mi ti máa ń ṣe àlùwàlá. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó lé. Lójoojúmọ́, ní gbogbo ìgbà ìrun, bùtà kan tàbí méjì á dà sílẹ̀ níbẹ̀, ti bàbá mi àti ti àwọn àlejò rẹ̀ tí wọ́n ti ọjà bá a wálé. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ẹ ò sì lè fi ọwọ̀ gbá ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igbó kékeré kan ṣe hù síbẹ̀. Ẹnì kan ò gbìn ín. Ẹyẹ ló su èso sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gbé òmíràn wá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo àdúgbò bá pọ́n bí bíríkì, tiwa á tutù nini. Labalábá á wá mu omi létí ẹrẹ̀. Lámilámi á bà lórí ọwọ́ bùtà. Àdàbà á rọra rìn wọlé bí obìnrin tó wá yá iyọ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mo rántí bó ṣe máa ń dúró pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́, á máa wo ibi tí ilẹ̀ gbígbá rẹ̀ parí sí.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣán igbó yìí. Àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ lẹ fẹ́."

Bàbá mi á máa fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ láìwòkè. "Tí o bá fẹ́ ṣán an, kọ́kọ́ lọ sọ fún Bàbá Àsùbá kó kó ẹrù rẹ̀."

Bàbá Àsùbá ni ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ń gbé abẹ́ òkúta náà. Ó tóbi, ó ní ikùn bí oníṣòwò. Tí bàbá mi bá ti dìde níbẹ̀ lẹ́yìn àlùwàlá àsùbá, ọ̀pọ̀lọ́ náà á jáde, á jókòó sínú omi tó dà sílẹ̀, á máa mí sókè sódò. Kì í pẹ́ dé. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ, Korto ni.

Korto ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ẹ̀yà Kpelle ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní ilé kejì, ọgbà nìkan ló wà láàárín wa, ọgbà náà sì ti lu. Ó kọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá mi, pàápàá èébú. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo nǹkan: kí n lóṣòó, kí n má na ọwọ́, kí n má sọ̀rọ̀, kí n dúró títí kòkòrò á fi gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Láàárọ̀ kí a tó lọ sílé ẹ̀kọ́, Korto á gba ihò ọgbà wọlé, á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú òkúta, á ní, "Bàbá Àsùbá, ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ jí?" Èmi náà á kúnlẹ̀.

"Ẹ wo àwọn ọmọ yìí," ni ìyá mi máa ń sọ. "Èmi tí mo se ẹ̀kọ, wọn ò kí mi. Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún."

Nígbà tí ogun dé, èmi àti Korto ti di ìyá ọmọ. Músílíù ọmọ mi wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí a lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, èmi àti ọkọ mi, ìyá mi, àti bàbá mi tó ti di arúgbó. Korto ò lè bá wa lọ. Ó gbé ẹrù mi dé ẹnu ọ̀nà títì, kò sọkún, èmi náà ò sọkún, nítorí ojú àwọn ọmọ. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún mi ni pé, "Máa lọ. Èmi á máa bá yín da omi sí igun yẹn. Ẹ ò ní bá a ní gbígbẹ." Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi kú sí Ìwó. Ìyá mi náà kú síbẹ̀. Nígbà tí ogun tán pátápátá tí èmi àti ọkọ mi padà dé, ilé Korto ṣófo. Àwọn kan ní wọ́n gba ọ̀nà abúlé wọn lọ. Àwọn kan ò mọ̀ ọ́n rí. Mo wádìí títí, mi ò rí i títí di òní. Ní tiwa, igbó ti gba gbogbo àgbàlá dé ojú fèrèsé. Nígbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ rí igbó ní Monrovia mọ́. Ẹni tó bá ti sá sínú igbó rí, tàbí tí àwọn ológun ti inú igbó jáde sí, ẹ ò ní sọ fún un pé labalábá wà níbẹ̀. Ọkọ mi ṣán an, ó dáná sun ún, ó sì da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ilẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Inú mi dùn. Mò ń gbá sìmẹ́ǹtì náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. A sì ń ṣe àlùwàlá nínú balùwẹ̀, lẹ́nu ẹ̀rọ.

Sìmẹ́ǹtì kì í mu omi. Ọdọọdún ni òjò ń wọ inú pálọ̀ wa. Ọkọ mi di olóògbé, òjò ò ṣíwọ́. Lọ́dún tó kọjá ni bíríkìlà sọ fún Músílíù pé àfi kí wọ́n fọ́ apá kan kí ilẹ̀ lè gba omi díẹ̀, títí òun á fi wá ṣe gọ́tà. Igun bàbá mi gan-an ni wọ́n fọ́. Nígbà tí wọ́n kó àfọ́kù sìmẹ́ǹtì kúrò, mo rí òkúta pẹrẹsẹ yẹn lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì wà níbi tó wà.

Mo sọ fún ọmọ mi pé kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mo fẹ́ fi ṣe ọgbà.

"Ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ gbìn, Màmá?"

"Rárá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n padà wá. Ẹyẹ, labalábá. Ọ̀pọ̀lọ́."

Músílíù wò mí. "Ẹ fẹ́ gba ayálégbé. Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ á máa san owó ilé?" Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó jọ ìyá mi nídìí ìmọ́tótó. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tí òun ò rí ju ẹrẹ̀ lọ, òun á dí i padà. "Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ sọ o, Màmá. Ẹyẹ ò kà. Ẹyẹ wà níbi gbogbo."

Mo lọ sí ELWA Junction, mo ra òdòdó tó wà nínú ike, pupa àti funfun, àwọn tí wọ́n ń tò sí etí títì. Mo gbìn wọ́n ní ìlà. Mò ń bu omi sí wọn, mò ń tu koríko, ewé kan ò ní jábọ́ kí n má gbé e. Ó rẹwà. Kòkòrò kan ò sì yà síbẹ̀. Oṣù ń lọ, ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbá a tán, mo dúró, mo wo ojú ọwọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà. Ni mo bá rántí ìyá mi tó dúró létí ẹrẹ̀, tí kò lè kọjá. Ibi tí ọwọ̀ ò dé yẹn ni gbogbo wọn ń gbé! Èmi ni mò ń gbá wọn dànù láràárọ̀, tí mo tún ń wo ọ̀nà kí wọ́n wá.

Mo to òkúta yí igun náà ká, mo sì ní ọwọ̀ mi ò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ mọ́. Ewé tó bá jábọ́, kó jókòó. Mo tẹ́ igi jíjẹrà kan sílẹ̀, mo da ojú ìkòkò fífọ́ kan délẹ̀, mo fi ẹnu ọ̀nà sí i. Mo gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan síbẹ̀, mo jẹ́ kí ẹfinrin àti ewúro yọ òdòdó. Ìyókù hù fúnra rẹ̀. Mo ra bùtà, mo ní gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá nínú ilé yìí, lórí òkúta bàbá mi ni. Kò sí ọṣẹ nínú omi àlùwàlá, kò lè pa nǹkan kan lára. Músílíù ráhùn títí, ṣùgbọ́n ó ń jókòó síbẹ̀.

Hawa, obìnrin tó ń gbé ilé Korto báyìí, yọrí lókè ọgbà. Ol' Ma ni òun àti gbogbo àdúgbò ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí. "Ol' Ma, ṣé igbó lẹ wá ń gbìn báyìí? Igbó tí gbogbo wa sá kúrò nínú rẹ̀! Àbí ẹ̀yìn ló ń dùn yín tí ẹ ò lè gbálẹ̀?"

"Ẹ̀yìn mi le ju tìẹ lọ," ni mo fi dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé ejò ló ń bẹ̀rù, kò sì burú láti bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbá gbogbo ìyókù àgbàlá mọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Èèrà ló kọ́kọ́ dé. Alángbá tẹ̀lé e. Oyin rí ẹfinrin. Kòkòrò jẹ ewé ewúro mi di asẹ́, Músílíù ra oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín wá láti fi pa wọ́n, mo gbà á, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀gà fi rí kòkòrò náà, wọ́n sì ń fi wọ́n bọ́ ọmọ wọn. Ẹyẹ tíńtín kan wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó wọ́, òun ń fà lára òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo wọn dé. Ọ̀pọ̀lọ́ ò dé. Ẹ̀ẹ̀rùn parí, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Músílíù sì sọ fún mi ní ọjọ́bọ̀, kò fi ìbínú sọ ọ́, pé bíríkìlà ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ní ó dáa. Àdéhùn ni àdéhùn.

Ni òjò ọ̀hún bá rọ̀.

Mo ṣì jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀ Jímọ̀ náà nígbà tí Músílíù jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Màmá, jẹnẹrétọ̀ ta ni wọ́n ń tàn láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀," mo ní. "Ayálégbé mi ni."

Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó wá, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò na ọwọ́, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ìkòkò fífọ́ yẹn, ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó, ọ̀fun rẹ̀ wú bí bàlúù, ó ké. Músílíù fò sẹ́yìn díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

"Ṣé òun ni Bàbá Àsùbá tí ẹ máa ń sọ?"

"Ọmọ ọmọ rẹ̀, bóyá."

Ó dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "Bíríkìlà ti gbà láti wá lọ́la."

"Kó wá. Àtẹ̀gùn iwájú ilé ti fọ́ tipẹ́."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ náà wà ní gbogbo ọdún tí sìmẹ́ǹtì fi bo ilẹ̀. Bóyá ẹ̀yìn ọgbà Hawa ni, bóyá etí gọ́tà. Òkúta ṣì wà, ìrun ṣì wà, omi rẹ̀ ṣì ń dà sílẹ̀ síbi kan náà. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí i ni kò pé mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, bíríkìlà dé, Músílíù sì mú un gba iwájú ilé. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì. Èmi mú ọwọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo gbá àgbàlá bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, títí mo fi dé ibi òkúta tí mo tò. Mo dúró níbẹ̀. Mo fi ọwọ̀ ti ògiri, mo pọn bùtà kan, mo dà á sí ẹnu ọ̀nà ìkòkò. Mo tún pọn ìkejì, mo dà á síbi kan náà, mo ní, "Ti Korto nìyí."