Àga Iwájú ní Àjọ̀dún Fíìmù Àwọn Obìnrin

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìtura lè wá a lọ síbòmíràn.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo kọ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo sì kọ́ ọ yanjú. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ya fíìmù ní Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, bí mo bá ti dé, abọ́ ìrẹsì ni wọ́n máa ń kó lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá wọn pín oúnjẹ. Tí mo bá ní kámẹ́rà ni mo wá gbé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ ká jẹun ná." Odindi fíìmù kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo gé e, tí mo tò ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde, mo jókòó, mo ń wo orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bó ṣe ń yí gòkè. Orúkọ ọkùnrin kan tó wá dúró sẹ́yìn mi fún ọjọ́ kan péré ni wọ́n kọ síbi iṣẹ́ mi. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín àwọn tó se oúnjẹ. N ò sì se ẹyọ ìrẹsì kan níbẹ̀. Mo lọ bá ẹni tó ni fíìmù. Ó ní kí n má bínú, ó ní orúkọ mi ṣáà wọ inú ẹ̀. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni.

Ìbínú yẹn ló bí àjọ̀dún fíìmù wa. Èmi àti obìnrin méjì la dá a sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, èkejì jẹ́ télọ̀ tó ń ránṣọ fún àwọn òṣèré. Lọ́dọọdún, a máa ń gba gbọ̀ngàn kékeré kan ní àdúgbò Mayfair, ní Ifẹ̀, a ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, a ó sì fi fíìmù àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò kà sí hàn níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo la ṣe. Kò ní sí alága, kò ní sí tábìlì àwọn ẹni ńlá, a ò sì ní máa pe èèyàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá jókòó níwájú. Ẹni tó ya fíìmù àtàwọn ẹbí ẹ̀ ló ni àga iwájú. Ọdún méjì la fi pa òfin yìí mọ́, kò sì sí ohun tó ṣe wá.

Lọ́dún kẹta ni ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Ó ní ètò tí kò ní alága, eré ọmọdé ni aráyé ń kà á sí. Ó ní ó yẹ kí ẹnì kan tó lórúkọ wà níbẹ̀ kí ìlú tó lè kà wá kún. Mo jiyàn títí, ó rẹ̀ mí, mo sì gbà. Èmi fúnra mi ni mo gbé lẹ́tà lọ sí àdúgbò Ìrẹ́mọ, sílé ọkùnrin ọlọ́lá kan. Ó gbà á lọ́wọ́ mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ràn tó kí òun dúró ti àwọn obìnrin.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan fún yín. Ọmọbìnrin kan láti Mọdákẹ́kẹ́ ni, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ dá lórí ìyá tó bí i lọ́mọ. Opó ni ìyá náà. Òun àti ọkọ ẹ̀ ló jọ gbin oko kòkó kan, ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń pọn omi sí ìdí àwọn igi náà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe ogójì ọjọ́ ọkọ tán, àwọn àbúrò ọkọ wá, wọ́n ní obìnrin kì í jogún oko. Títí di òní, tí ìgbà ìkórè bá tó, wọ́n á ránṣẹ́ pè é kó wá bá wọn fọ́ kòkó nínú oko yẹn bí alágbàṣe. Èmi ò tíì rí ìyá náà rí, ẹnu ọmọ ẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ìyá náà gbà kí ọmọ ya òun, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ láìfi bò, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wo fíìmù náà ṣáájú òun. Ó ní òun fẹ́ jókòó láàárín àwùjọ, kí òun fojú ara òun rí i, kí òun sì rí ojú àwọn tó ń wò ó. Tí ìtìjú ò bá mú òun, kí ọmọ máa gbé e káàkiri ayé. Tó bá sì mú òun, kí fíìmù náà wọlé lọ jókòó. Àjọ̀dún ńlá kan lókè òkun ti ka ohun tí ọmọ náà kọ nípa fíìmù yìí, wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ tálákà. Ẹnu ìyá ẹ̀ nìkan ló kù.

Ọjọ́ Sátidé ni ètò wa. Aago mẹ́wàá la dá, gbọ̀ngàn sì ti kún kó tó lù. Alága ò tíì dé. Ta ló tó bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó fi lẹ́tà pè? A jókòó, à ń fẹ́ ara wa lábẹ̀bẹ̀. Aago méjìlá kọjá kí ọkọ̀ mẹ́ta tó yà wọlé. Mo ṣebí òun nìkan ló ń bọ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ ṣẹ́jú sí mi. Ọmọ náà wà lẹ́yìn pátápátá níbi ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù sára ògiri, ó dorí kodò, ó ń tún wáyà ṣe. Mo sáré lọ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn èèyàn dìde. Ìyá àgbà kan ló wà lórí àga àkọ́kọ́, ó wọ ìró àti bùbá tí wọ́n lọ̀ kínníkínní. Mo ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa dìde, àlejò wa ti dé."

Ó wò mí lójú. "Ṣé kí n lọ sẹ́yìn ni?"

Mo ní ẹ̀yìn náà ti kún, kí wọ́n ṣì dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ ná, mo ń gbé àga bọ̀. Ó dìde. Ó kúnlẹ̀ kí alága bó ṣe ń kọjá, ọkùnrin tó ṣeé ṣe kó máà ju àkọ́bí ẹ̀ lọ, ó sì jáde. N ò gbé àga kankan lọ. Mo gbàgbé, ẹ sáà gbọ́.

Alága jókòó sórí àga yẹn. Nígbà tí wọ́n fún un ní gbohùngbohùn, ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń sọ fún wa pé obìnrin ni iyì ilé, pé ìgbà ti yí padà, pé kí a má ṣe fi àwọn obìnrin sẹ́yìn mọ́. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n tò síwájú pátákó tí a kọ orúkọ àjọ̀dún wa sí, wọ́n ya fọ́tò, ẹnì kan sì ní kí èmi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí n má dí pátákó náà. Wọ́n kí wa pé ó dìgbà, wọ́n lọ. Wọn ò wo fíìmù kan ṣoṣo. Àga mẹ́sàn-án ṣófo níwájú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀, nítorí a ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀.

A paná, fíìmù ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ rí, ọwọ́ tó ń fọ́ kòkó. Lẹ́yìn náà, ojú. Ìyá tí mo gbé dìde ni.

Mo sáré jáde. Kò sí lọ́dẹ̀dẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ní màmá kan ti gun ọ̀kadà lọ, ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo wá a lọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, n ò rí i. Nígbà tí mo padà wọlé, fíìmù ti parí, àwọn èèyàn ti dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń nu ojú. Ọmọ náà wá bá mi láti ìdí ẹ̀rọ, ó ti rò pé ìyá òun wà láàárín èrò, ó ń wo àwọn àga iwájú. "Mà, ìyá mi dà?"

Mo ní wọ́n ti lọ sílé. Mo ní àwọn kan ló ní kí màmá dìde fún àlejò. Àwọn kan! Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti ń fìbínú rojọ́ àwọn tó gba iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọmọ náà jọ wọ ọkọ̀ mi lọ sí Mọdákẹ́kẹ́ láti lọ bẹ ìyá náà. Láti Mayfair títí a fi dé, ó ń ṣépè fún àwọn tó lé ìyá ẹ̀ dìde, ó ní ojú wọn kò ní rí ire. Mo gbájú mọ́ ọkọ̀ tí mò ń wà.

A bá ìyá náà níwájú ilé, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Bó ṣe rí mi ló mọ̀ mí. Ó dìde lórí àpótí tó jókòó lé, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí n jókòó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màámi," ọmọ ẹ̀ bi í, "ta ló ní kí ẹ dìde lánàá?"

Ó wò mí. "Àwọn tó ni ètò ni." Ó sì mú ẹ̀kùrọ́ mìíràn.

Ó fẹ́ bò mí láṣìírí. N ò lè gbà á. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, èmi ni. N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni," ó dáhùn. "Ẹ dìde, Àǹtí wọn. N ò bá yín jà. Ẹ kọ́ ọmọ mi níṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn ò lọ síbì kankan."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àwọn tó wò ó sunkún, wọ́n dìde dúró fún un, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ó ní, "Ibi tí wọn ò ti ráyè fún ìdí mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi ojú mi ṣe?"

Ó di apá mi mú, ó fà mí dìde, ó dá mi padà sórí àpótí. Ọmọ náà ò wo ibi tí mo wà. Ó mú fóònù ẹ̀, ó kọ̀wé sí àwọn ará òkè òkun pé fíìmù náà ò ní wá mọ́, ó sì túmọ̀ ẹ̀ sétí ìyá ẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, ó wá òkúta kan, àwọn méjèèjì sì ń pa ẹ̀kùrọ́. Èmi nìkan ni mo wà lórí ìjókòó.