Àdúgbò Tí Kò Ní Ìyá Àgbà

Ní àárọ̀ ìgbà ọyẹ́, ènìyàn kì í rí òdìkejì Odò Ọya láti orí afárá Niamey. Ìkùukùu funfun ni à ń rí, orí àwọn ràkúnmí tó ru igi ìdáná á sì máa yọ láti inú rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn kọjá. Kí n tó rí Kirkissoye, mo ti máa ń gbọ́ ọ: ìró odó, ewúrẹ́, igbe ọmọdé. Igbe ọmọdé ló pọ̀ jù. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé gbogbo àdúgbò náà jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó ń jí lójú oorun.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà. Ọ́fíìsì kan ní Plateau, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ní Niamey, gbà mí fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, pé kí n máa wọ ilé dé ilé ní àwọn àdúgbò tuntun tó wà lódìkejì odò, kí n máa béèrè ta ló ń gbé ibẹ̀, ibo ni wọ́n ti wá, ṣé wọ́n háyà ilé ni tàbí àwọn ló ni ín, ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Àwọn sójà ló ń ṣe ìjọba. Nínú aṣálẹ̀ lápá àríwá, wọ́n ń wa òkúta yuréníọ̀mù, gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé òkúta yìí ló ń kọ́ ìlú. Awakọ̀ takisí sọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ wa sọ bẹ́ẹ̀, rédíò náà sọ bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé irọ́ ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń hù ní Plateau bí olú. Ṣùgbọ́n ní Kirkissoye, n kò tíì bá ẹnì kan pàdé tó fojú ara rẹ̀ rí òkúta náà. Tísà ni wọ́n, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kékeré, àwọn tó ń mọ bíríkì alámọ̀. Ohun kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sọ fún mi: onílé wọn ní ìhà kejì ti rí ẹni tó lè san jù wọ́n lọ. Nítorí náà, bí òkúta náà bá kọ́ Kirkissoye, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbá ewé jọ sí ìdí ògiri ló ṣe kọ́ ọ.

Ohun mìíràn wà tí mo ṣàkíyèsí, tí wọn kò ní kí n béèrè. Kò sí arúgbó níbẹ̀. Tọkọtaya tuntun ni mò ń rí, aboyún, ọmọ ọwọ́, ọmọ tó ń rá, ọmọ tó ń lé táyà kiri. Àwọn àgbà ti ṣẹ́kù sí abúlé, tàbí sí agbo ilé àtijọ́ ní òdìkejì odò. Bí mo bá jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò kan níbẹ̀ lọ́sàn-án, n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni húkọ́ bí àgbà. Èmi tí wọ́n bí sí Maourey, àdúgbò àtijọ́ kan ní ìhà kejì odò, láàárín àwọn ìyá arúgbó tó ń pàṣẹ láti orí ẹní, n kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ dùn mọ́ mi tàbí ó ń bà mí lẹ́rù.

Yàrá méjì ni àwọn òbí mi háyà ní Maourey, nínú agbo ilé kan tó sún mọ́ ọjà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, ìyá mi ń ta abọ́. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, onílé wa, àgbàlagbà Zarma kan tí kì í gbé ohùn sókè, wá kí bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà gbogbo wa, ó wá ní, “Kala suuru,” bí àwọn Zarma ṣe máa ń sọ bí kò bá sí ohun tí a lè ṣe ju sùúrù lọ. Ó fẹ́ wó agbo ilé náà, kí ó fi sìmẹ́ǹtì tún un kọ́ fún àwọn àlejò tí òkúta ń pè wá. Kí a jọ̀ọ́, kí a kó jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba bàbá mi. Ó ní ilé. Ní gbogbo ìgbà èwe mi ló fi ń kọ́ ọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á lọ fi nǹkan kún un: ògiri kan, páànù díẹ̀, ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ará wa tó wà ní Niamey ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá kọ́lé sí ìdálẹ̀ láìkọ́ sílé, wọ́n á ní ìdálẹ̀ ti gbé e mì. Olúkúlùkù àwa ọmọ ló ní yàrá níbẹ̀. Èmi náà ní yàrá ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì tíì sùn nínú rẹ̀ rí.

“Èmi á máa sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,” ni bàbá mi sọ fún ìyá mi. “Ìwọ, lọ máa dáná nílé rẹ. Ilé tí a kì í gbé, aláǹgbá ní í jogún rẹ̀.”

“Ta ni n óò wá máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Aláǹgbá?”

“Ẹbí ńkọ́?”

“Ẹbí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, ‘Ìyá Niamey dé, kí lo kó bọ̀?’ Kí wọ́n tó gbé ẹrù sọ̀ lórí mi, wọ́n á ti tú u.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. Ó lọ bá awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan sọ̀rọ̀, ará ìlú wa tó máa ń lọ sí gúúsù. Ìyá mi kò tún jiyàn mọ́. Mo rí i pé ó ń fi abọ́ ilé sílẹ̀ sí ibi tí kì í fi wọ́n sí, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé ilé. Ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Niamey. Ohun tó bà á lẹ́rù, tó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa ìrẹsì, ni pé kí òun nìkan máa gbá yàrá àwọn ọmọ tí kò ní wá, títí òun yóò fi kú níbẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù nílé, ó sì yẹ kí n sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n n kì í sọ̀rọ̀ kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ìgbà tí n óò bá sì fi mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti kọjá.

Ní àárọ̀ kan, ó ní òun á bá mi kọjá odò. Ọ̀dọ́mọbìnrin Zarma kan tó ti bá wa gbé agbo ilé rí, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ tísà, ti kó lọ sí Kirkissoye. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá mi sì fẹ́ lọ dágbére fún un. Nígbà tí a dé ibẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ kan, tí òun fúnra rẹ̀ kò ju ọmọge lọ, ló ń wẹ ọmọ náà. Ó di ọmọ mú bí ẹni tó di iṣu gbígbóná mú. Ọmọ ń ké, ìyá ọmọ ń ké, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ náà ti fẹ́ẹ́ ké.

Ìyá mi kò dágbére. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú báàfù, ó gba ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí ojúgun rẹ̀. Ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ bó o, ó fi aṣọ gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jù ú sókè, ó sì hán an.

“Màmá! Ẹ má jẹ́ kó bọ́!” ni ìyá ọmọ pariwo.

“Bí mi ò bá jù ú, ojo ni yóò dà,” ni ìyá mi dáhùn, pẹ̀lú Zarma rẹ̀ tó ń dún bí Ògbómọ̀ṣọ́. “Ṣé ojo lo fẹ́ bí?”

Nígbà tí ó fi òrí pa á tán, ọmọ náà ti sùn. Àwọn obìnrin ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ ìyá mi bí ẹni tó ń wo odò.

Òfin kan wà ní ilé wa. N kò lè sọ pé gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi, tó wẹ ọmọ ìdajì àdúgbò wọn, ni wọ́n ti gbà á: ẹni tó bá wẹ ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò títí ìwọ́ ọmọ náà yóò fi já. Ìyá mi sọ ọ́ fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, níwájú awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù tó wá sọ̀rọ̀ lórí ẹrù wa. Bàbá mi kò lè sọ̀rọ̀ òdì sí ohun tí ìyá rẹ̀ fi lélẹ̀.

“Kò burú,” ó ní. “Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ tí ò ń wẹ̀ bá ṣì ní ìwọ́, mi ò ní gbé ọ kúrò ní Niamey. Mo ti sọ ọ́.”

Awakọ̀ náà pàtẹ́wọ́. “Bàbá, ẹ ti kó sí i! Ṣé ẹ mọ bí àwọn obìnrin Kirkissoye ṣe ń bímọ ni?”

“Ọmọ mélòó ni wọ́n lè bí?” Bàbá mi kọjú sí mi. “Akọ̀wé, ìwọ lò ń kà wọ́n. Mélòó?”

“Mi ò tíì kà wọ́n tán, bàbá,” ni mo wí. Òótọ́ sì ni.

Láti ìgbà náà, èmi àti ìyá mi la jọ ń wọ inú ìkùukùu lọ ní àràárọ̀, òun pẹ̀lú igbá òrí rẹ̀, èmi pẹ̀lú ìwé mi. Kí ìwọ́ ọmọ tísà tó já, ìyàwó awakọ̀ kan tó wà ní ilé kejì bímọ. Kí ti ìyẹn tó já, nọ́ọ̀sì kan bí ìbejì. Sójà tó ń ṣọ́ orí afárá mọ ìyá mi débi pé kì í béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ohun tó ń béèrè ni, “Ta ló tún bí?” Ìyàwó tirẹ̀ náà lóyún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá mi ní Kàká, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Bí mo bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ orin oríṣiríṣi láti ẹ̀yìn ògiri, àwọn orin tí ó fi wẹ èmi náà, ẹnu àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì ni ó ti ń jáde. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, eruku ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lókè àwọn oko ìrẹsì, ọmọ ń sọ̀kalẹ̀ sí Kirkissoye bí ẹyẹ tó ń bà.

Ní Maourey, wọ́n ti ń ṣí páànù agbo ilé wa. Bàbá mi kó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tísà náà fún èmi àti ìyá mi ní yàrá kan tí kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, ní igun ọgbà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni bàbá mi kọjá afárá wá, láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kóòtù. Mo mọ̀ láti ojú rẹ̀ pé ó wá fi òpin sí i. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ọmọ wà lórí ojúgun rẹ̀, àwọn obìnrin sì tò sídìí ògiri.

“Ìwọ́ yẹn kò tíì já?” bàbá mi béèrè.

“Ti àná ti já. Ti òní nìyí.”

“Ti ọ̀la ńkọ́?”

Ìyá mi fi ẹnu júwe obìnrin kan tó fi ọwọ́ di ìbàdí mú nídìí ògiri. Àwọn obìnrin ní kí n túmọ̀ ohun tí àwọn òbí mi sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín tó sọ nínú ọgbà náà, aboyún fúnra rẹ̀ ní láti jókòó.

Bàbá mi kò rín. Àwọn ọkọ ti gbọ́ pé ọkọ Kàká dé, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí i. Ọ̀kan ní kí ó bá òun bá ìyàwó òun wí. Òmíràn béèrè bóyá ó yẹ kí òun fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún òwò. Ní Maourey, kò sẹ́ni tó ń bi bàbá mi léèrè nǹkan. Àgbà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un. Kò jókòó.

“Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́,” ó sọ fún ìyá mi ní ohùn jẹ́jẹ́, “ṣé kí n wá fún aláǹgbá?”

“Ọmọ àbúrò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Jẹ́ kí wọ́n bímọ síbẹ̀. Ohun tí a ń fi ilé ṣe nìyẹn.”

Bàbá mi rìn lọ sí yàrá tí èmi àti ìyá mi ń sùn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri rẹ̀, ó tì í díẹ̀, ó sì tẹ orí wò ó.

“Ògiri yìí wọ́. Ta ló mọ ọ́n?” ó béèrè ní Zarma.

“Èmi ni, bàbá,” ni tísà wí.

“Ó hàn. Bí òjò bá dé báyìí, yóò wó lé wọn lórí. Ṣé amọ̀ wà?”

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó sì ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ìyá mi kò gbé ojú sókè. Ó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ náà, ìka kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá ó ti jẹun.