Àwòrán Tí Mo Wà Nínú Rẹ̀

"Ta ni ìyá yìí?"

Ìyá bàbá mi ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwòrán ara wọn ni wọ́n ń wò lórí pátákó, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n yíjú sí mi: "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, figbe ta sí ayàwòrán. "Ó tán! Ẹ ti kó ìyá mi àti ọmọ yìí sínú pátákó!"

Orí itan ìyá àgbà ni mo jókòó sí nínú àwòrán náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Arúgbó ni ayàwòrán yìí, ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ilé wa ní Ẹdẹ. Òórùn kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì máa ń dé ilé ìdáná wa. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á mú fọ́tò kékeré wá, ayàwòrán á sì yà á ní ńlá fún ìsìnkú. Ohun tí àdúgbò mọ̀ nìyẹn: ẹni tó bá ti dé orí pátákó wọn, ó ti lọ. Kò sí alààyè tó jókòó fún wọn rí.

Ṣùgbọ́n ayàwòrán ló kọ́kọ́ rí i pé ìyá àgbà ti ń da iyọ̀ sínú ẹ̀kọ, tí wọ́n sì ń wá ọkọ wọn tó ti kú tipẹ́.

"Màmá ti ń ṣarán," wọ́n sọ fún ìyá mi. "Ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n nísinsìnyí tí ojú wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín."

Lójoojúmọ́ tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà ni ìyá àgbà ń bi ayàwòrán pé ta ni wọ́n. Wọn kì í bínú. Wọ́n á gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀: "Aládùúgbò yín ni mí, mà. Ojú yín ni mo wá wò."

"Ẹ má wò ó tán o. Ọkọ mi ṣì fẹ́ wò ó."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n figbe ta yẹn gan-an ni wọ́n fi àgádágodo tì í. Wọ́n ní bí ohunkóhun bá ṣe èmi àti ìyá àgbà, ayàwòrán á kúrò ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó láyà láti sun pátákó náà, kí àwa méjì má baà jóná pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kàn kọjú rẹ̀ sí ògiri lágbàlá. Bí mo bá gbàgbé ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ní ká kọ́ sórí, mo máa ń rò pé ìgbàgbé ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ lára mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ayàwòrán gbé ọ̀dà wá nínú agolo mílíìkì. Wọ́n yí pátákó náà padà, wọ́n tọrọ dígí lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn sẹ́yìn wa.

"Kí lẹ tún ń ṣe?" ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè.

"Mò ń wọlé tọ̀ wọ́n ni. Bí pátákó bá ń pani, kó kọ́kọ́ pa èmi tí mo mú búrọ́ọ̀ṣì."

Ìyá àgbà wo bàbá inú àwòrán náà títí. "Bàbá yìí rù jù. Ẹ bu oúnjẹ fún un."

Ayàwòrán ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, Kérésì dé. Ìyá àgbà ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun dáadáa. Aṣọ ilé ìwé mi ti kúrú fún mi. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọdá títì, wọ́n ṣí àgádágodo náà. Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n sọ fún ayàwòrán pé: "Ẹ lè ya èmi náà, bí ẹ bá ráyè."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Dókítà ti sọ fún mi pé Àsáímà, àìsàn tó ń mú kí arúgbó máa gbàgbé nǹkan, ló ṣe ìyá àgbà, kì í ṣe ọ̀dà. Síbẹ̀, bí mo bá gbàgbé orúkọ ẹnì kan, àyà mi ṣì ń já. Mo máa ń lọ wo àwòrán náà lára ògiri, kí n ka wá: mẹ́ta. Mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé, bó bá di ọjọ́ tí mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n, kí wọ́n má bínú. Kí wọ́n ní ojú mi ni àwọn wá wò.