Bí Mo Ṣe Kọ́ Rísíkátù Láti Máa Wo Ilẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ọmọ mi, èyí tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ ní pálọ̀: gbì, gbì, gbì. Mo bi í bóyá eku ló ń lé. Ó ní rárá, pé bí wọ́n ṣe ń pe adití nìyẹn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ òun níṣẹ́ tíṣà adití. Tíṣà á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ilẹ̀ á gbọ̀n, ọmọ á gbójú sókè, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ á tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà náà sílẹ̀. Omi ti bò mí lójú, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òkúta nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Ajégúnlẹ̀ tí mò ń wí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́ títí òjò ọdún náà á fi tán. Pákó la máa ń tẹ́ láti yàrá dé ilé ìdáná. Bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti le bí ìdí odó. Ìyá mi ń ra àpò ìyẹ̀fun òfìfo lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní Liverpool Road, á fọ̀ ọ́, á sá a, á tà á fún àwọn tó ń fi rán ṣòkòtò iṣẹ́. Ìyá Alápò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí oòrùn bá mú, àgbàlá wa á funfun láti igun dé igun, àlejò á rò pé àlùfáà mẹ́wàá ló ń gbé ibẹ̀.

Rísíkátù ni àbúrò mi. Ó ti ń pe ìyá wa dáadáa kí ibà kan tó dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ibà náà lọ, ó mú etí rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti di etí fún un, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi mọ ìwé títí dòní, torí kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi í tì bí mo bá lọ síléèwé. Àwa méjèèjì la ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ tiwa. Bó bá gbá èjìká ara rẹ̀, bàbá ló ń wí. Bó bá lọ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń fún aṣọ, ìyá ni. Tèmi, á fi ìka gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń jìn bí mo bá rẹ́rìn-ín. Ìyá Onílé ńkọ́? Á fẹ́ ẹnu rẹ̀ wú, á wá yíjú kúrò bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan. A máa ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi bú wa.

Ojú ló fi ń gbọ́rọ̀. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ, kò ní ṣẹ́jú. Èyí ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Onílé wá bá ìyá mi nídìí àpò. Ó ní, “Ìyá Alápò, etí ọmọ rẹ ò gbọ́ràn, mo gbà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n sí. Ṣé ó wá di dandan kó máa wò mí láàárín ojú bí orogún ni?”

Ojú ti ìyá mi. Láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú, òbí rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ó ní kí n kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ. Bí àgbà bá ti ń bọ̀, màá fà á kúnlẹ̀, màá tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Bó bá tún gbójú sókè, màá gbá a létí. Etí tí kò ṣiṣẹ́ náà ni mò ń gbá. Kò pẹ́ rárá tí Rísíkátù fi di ọmọ tí wọ́n fi ń bú àwọn ọmọ tó kù. Ìyá Onílé fúnra rẹ̀ fún un ní gúgúrú, ó ní ọmọ náà ti wá jọ ọmọ ẹni iyì. Orí mi wú. Mi ò mọ̀ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ayé ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dí.

Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa ní Liverpool Road. Awakọ̀ fọn fèrè títí, Rísíkátù tẹríba, ó ń lọ ní tirẹ̀. Mo fi ìró rẹ̀ fà á, ìró ya mọ́ mi lọ́wọ́. Bí bàbá mi ṣe gbọ́, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, pé òun á mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá òun lábúlé, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí mọ́tò ò ti pọ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Níbi tí wọ́n ti ń fà á la ti gbọ́ pé àwọn tíṣà ń bọ̀ ní Àmúkókò, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ adití. Wọ́n fẹ́ mú ọmọ mẹ́ta sí iléèwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún, Èkó níbí náà, ọmọ á sì máa wálé ní Sátidé. Bàbá mi ní bí wọ́n bá mú un, kò lọ síbì kan mọ́. Bí wọn ò bá mú un, abúlé ni.

Ìyá mi fi àpò tó funfun jù lọ rán aṣọ fún un. Mo fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ títí ó fi ń dán. Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n jókòó sí, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mísì, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun náà jẹ́ adití. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí adití tó wọ táì nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu alágbàwí. Àwa ọmọdé sọ ọ́ ní Tíṣà Ọlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ife, òòyà àti bàtà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Á fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń mumi, ọmọ á sì mú ife. Ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Wàrí tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ó mú ife, ó sì fa táì rẹ̀. Ìyá ọmọ náà dojúbolẹ̀, ó ń wí pé, “Abeg, no vex, dis one no get respect.” Wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú. Bí wọ́n bá lè mú aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí, tiwa ti wọlé tán.

Ó kàn wá. Rísíkátù kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀. Tíṣà Ọlọ́wọ́ ṣe bí ẹni tó ń mumi, àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tó ń yarun, ilẹ̀ náà ló ń wò. Tíṣà fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Àbúrò mi mọ̀ pé wọ́n ń pe òun, ó sì tún tẹríba sí i. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ní ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Mísì rọra sọ fún ìyá mi pé kì í ṣe etí nìkan, pé ó jọ pé òye ọmọ náà ò gbé nǹkan, àwọn ò lè mú un. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo di ọwọ́ Rísíkátù mú, a lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò dúró jẹun. Mo sáré padà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà kí wọ́n tó lọ. Mo kúnlẹ̀ fún Mísì, mo wo ilẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, mo ní, “Mà, ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ́ ọ kó má máa wo àgbà. Mo máa ń gbá a bó bá gbójú sókè.” Mísì fi ọwọ́ sọ ọ́ fún Tíṣà Ọlọ́wọ́. Ọkùnrin náà dijú fún ìgbà díẹ̀, ó sì mú báàgì rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé mi wálé.

Àpò ni Rísíkátù ń sá lọ́wọ́. Ó rí bàtà àgbà, ó kúnlẹ̀. Tíṣà Ọlọ́wọ́ lóṣòó níwájú rẹ̀, ó ń retí kó gbójú sókè. Gbogbo ará ilé ti jáde wá wòran. Mísì ní kí n jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè wò wọ́n. Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Ọwọ́ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ló sì fi ń gbọ́ ọ. Mo na ọwọ́ láti gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ó tajú kán rí ọwọ́ mi tó ń bọ̀, ó di ojú méjèèjì pinpin, ó ká èjìká sókè, ó ń retí ìgbátí.

Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, Rísí. Kò sí nǹkan kan.” Ta ni mò ń sọ ọ́ fún?

A wà níbẹ̀ títí àpò tó sá fi gbẹ. Kò lajú. Ìgbà tó yá, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà ò lè dúró mọ́. Mísì ní àwọn á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí n má gbá a mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò mọ ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó di Jímọ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú. Mo dúró nísàlẹ̀, mo fi ọwọ́ sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Kò rí ẹyọ kan.

Wọ́n padà wá lọ́dún kejì lóòótọ́. Ìyá àgbà ti ń lò ó lóko nígbà náà, bàbá mi ní kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ tó ń wo àgbà láàárín ojú pọ̀ lónìí, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣe àṣejù, mi ò sì jẹ́ bá wọn wí. Àwọn tíṣà adití ti pọ̀, ọ̀kan ń gbé nílé mi. Ṣùgbọ́n Rísíkátù ṣì wà lábúlé, orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fẹ́ kúnlẹ̀, á sì wo ilẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún un. Mo máa ń tètè fi í jókòó lórí àpótí. Èmi á wá di ìbàdí mi tó ń ro mí mú, màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará abúlé máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n kì í jókòó sílẹ̀ fún àbúrò. Màá sún mọ́ ọn títí ojú mi á fi bọ́ sí ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. Ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀.