Kòkànyín, Ajá Ìyá Rẹ̀mí, àti Èènì Tó Kù Nílẹ̀

"Màmá, ọmọ mélòó ló máa ń bí lẹ́ẹ̀kan?"

Dókítà ẹran tó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà fásitì ní Àgọ́-Ìwòyè ló bi Ìyá Rẹ̀mí ní ìbéèrè yìí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, Kíkẹ́lọmọ lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ajá náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí aboyún.

Ìyá Rẹ̀mí wò ó títí.

"Akọ ni," ló ní.

Dókítà gbé ọwọ́ kúrò. Àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ gbé ajá náà sórí òṣùwọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ lábẹ́ ikùn bí ẹsẹ̀ àpótí ìdáná.

"Kí lorúkọ rẹ̀, mà?"

"Kòkànyín."

"Ẹ má bínú, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nù un. Àwọn aládùúgbò ni mo tìtorí wọn sọ ọ́."

Hannah ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún Ìyá Rẹ̀mí ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Opó ni. Gàrí ló ń tà níwájú ilé, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi omi tútù mu nígbà tí owó ilé kò bá tíì dé. Tí ó bá bu gàrí kún kóńgò, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Èyí tó bá ṣubú padà sínú àpò, tirẹ̀ ni. Èyí tó kù nínú kóńgò, tìẹ ni. Kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kì í sì í fi èènì sí i. Bí oníbàárà bá tọrọ èènì, á bi í pé, "Ṣé kóńgò náà ò kún ni?" Kóńgò náà sì kún lóòótọ́.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Èkó. Kòkànyín ló kù tó ń ṣáájú rẹ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ń gbó ejò kúrò lójú ọ̀nà fún un. Ojú Ìyá Rẹ̀mí kì í ríran jìnnà mọ́. Kò lè dá ọ̀nà yẹn rìn. Àfi bí ajá ṣe dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò dìde mọ́. Ọlọ́kadà ló gbé wọn padà wálé, ajá láàárín, Ìyá Rẹ̀mí lẹ́yìn, tí àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń kí ọlọ́kadà pé ó kú ìyàwó.

"Ọ̀rá ni gbogbo èyí," ni dókítà wí. "Ó ti ń ni ọkàn rẹ̀ lára. Bí kò bá fọn, ẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí ń bà mí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa á o! Bí ajá bá fọn lójijì, àìsàn mìíràn ló ń pè. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ dín èbà rẹ̀ kù. Ẹja bíbọ̀ tí kò lépo, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà díẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́. Ẹ máa mú un rìn díẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ pa ìhà rẹ̀, tí ọwọ́ yín kan egungun láìtẹ̀ ẹ́ rárá, ó ti dára nìyẹn."

"Ìwọ̀n?" Ojú Ìyá Rẹ̀mí là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Agolo mílíìkì ló fi wọn oúnjẹ ajá. Ó ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e wá láti Ìbíadé, ó bọ̀ ọ́, ó yọ egungun rẹ̀, ó rún un mọ́ ẹ̀fọ́, ó bù ú kún agolo, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀. Kòkànyín wo agolo, ó wo Ìyá Rẹ̀mí, ó sì jẹun láìjanpata. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu obìnrin náà lára.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ajá ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Rẹ̀mí sì ní agolo kan náà lòun ń wọ̀n fún un.

"Màmá, ẹ má bínú o," ni dókítà wí, ó sì wolẹ̀. "Ẹnu yín àti òṣùwọ̀n yìí ò ṣe déédéé."

Ìyá Rẹ̀mí di okùn ajá mú. Láti ọjọ́ tó ti ń ta gàrí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i lójú rí pé ìwọ̀n rẹ̀ kò pé, ká má wá tilẹ̀ sọ pé ó lé. Ó fa ajá rẹ̀ wálé, ó gbé àpótí síbi tí kò ti ní kúrò lójú rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Ajá sùn. Ewúrẹ́ kọjá, kò gbójú sókè. Adìyẹ gun orí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ládánì pe ìrun Alásárì. Kòkànyín dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì kọrí sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni tí wọ́n fiṣẹ́ mọ́sálásí lé lọ́wọ́.

Ìyá Rẹ̀mí tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Aládùúgbò rẹ̀, Bàbá Nọ́fíù, ni wọ́n bá. Káfíńtà ni bàbá yìí kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dé mọ́sálásí mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti ń kírun. Òun náà ló máa ń pariwo jù ládùúgbò pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ajá sún mọ́ ẹní òun. Ó ti ṣe àlùwàlá tán. Ó ki ọwọ́ bọ ọ̀rá kan tó so kọ́ ojú fèrèsé, ó mú pọ̀nmọ́ ńlá jáde, ó sì jù ú sọ́hùn-ún, sábẹ́ igi gúáfà.

"Gba tìẹ, kóo máa lọ!"

Ajá sáré. Ẹni tí kò lè rìn dóko, ó sáré!

"Bàbá Nọ́fíù!"

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ṣágo omi. "Áà, Ìyá Rẹ̀mí. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ajá mi!"

"Èmi kò bọ́ ajá o. Owó ibodè ni mò ń san. Bí mi ò bá san án, á wá jókòó síwájú ẹní mi, á máa wò mí lẹ́nu bí ẹni ń retí àmín."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí orúnkún ti dá mi jókòó sílé. Egungun kan péré ni mo kọ́kọ́ jù sí i pé kó lọ. Ó lọ lóòótọ́. Nígbà tí ìrun mìíràn tó, ó tún dé."

"Gbogbo ìrun?"

"Ìyá Rẹ̀mí, kì í pa ìrun kankan jẹ. Ó ju Nọ́fíù ọmọ mi lọ."

Ìyá Rẹ̀mí kò rẹ́rìn-ín. "Dókítà ní ọkàn rẹ̀ lè má gbé e la ẹ̀ẹ̀rùn já."

Bàbá Nọ́fíù wo abẹ́ igi gúáfà títí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Kí ni kí n wá ṣe? Orúkọ rẹ̀ kúkú ti ní kò kàn mí."

"Ó kàn yín wàyí. Kùkúńbà ni kí ẹ máa gé fún un. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni o."

"Èmi ni n ó tún ra kùkúńbà fún ajá onígbàgbọ́?" Ó ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ó fún mi ní èènì. Irun mi dúdú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra gàrí lọ́wọ́ yín. Ẹ ò fi ẹyọ kan lé e fún mi rí."

Ìyá Rẹ̀mí mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ti òṣùwọ̀n lọ.

"Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan egungun ìhà ajá yìí, bí dókítà ti wí, ẹ ó gba èènì."

"Mo gbà!" ni Bàbá Nọ́fíù wí. Ayọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà já.

Ọjọ́ tí kùkúńbà bẹ̀rẹ̀, Kòkànyín gbóòórùn rẹ̀, ó wo Bàbá Nọ́fíù bí ẹni tí wọ́n fún ní ayédèrú owó, ó sì gbó o títí ìrun fi parí. Nígbà tó yá, ó gba kámú. Òṣùwọ̀n dókítà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà tọrọ àforíjì, ó sì ra gàrí. Ìyá Rẹ̀mí gbá orí kóńgò tirẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa mú ganrínganrín, ajá ti ń ṣáájú lọ sóko, ó ń dúró de ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ni Bàbá Nọ́fíù bá gbé abọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Mo wá gba èènì mi. Mò ń rí egungun ìhà rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi!"

Ìyá Rẹ̀mí bu gàrí kún kóńgò, ó gbá orí rẹ̀, ó dà á sí abọ́. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e dúró lókè abọ́.

"Kí la jọ sọ? Ojú àbí ọwọ́?"

"Ọwọ́ ni."

"Ojú kì í wọn gàrí. Kòkànyín, wá. Bàbá Nọ́fíù fẹ́ fọwọ́ kàn ọ́ níhà."

Ajá wá, ó dúró, ó sì lá ẹnu.

Bàbá Nọ́fíù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Omi ṣì ń kán níbẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ni."

"Mo rí i."

"Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba èènì ni, àbí èmi?"

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹ burú!"

"Ẹ lọ kírun. Bí ẹ bá kí i tán, ẹ padà wá."

"Ìrun mìíràn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó."

"Gàrí kì í bàjẹ́," ni Ìyá Rẹ̀mí wí, ó sì da ẹ̀kúnwọ́ náà padà sínú àpò.

Ládánì pe ìrun. Kòkànyín dìde, ó sì ṣáájú Bàbá Nọ́fíù lọ síbi ọ̀rá kùkúńbà. Èènì náà ṣì wà nínú àpò.