Ìyá Tí Ọmọ Rẹ̀ Sin Sínú Ìwé

Òórùn gàrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́yìnkùlé obìnrin kan ládùúgbò wa ní Ìkòrò, kí èèyàn tó rí òun fúnra rẹ̀: òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àpò, èfín igi tí kò tíì gbẹ tán, àti epo pupa díẹ̀ nínú agbada. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa kàwé fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́ sí tíṣà, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo lẹ́tà àdúgbò ń bọ̀.

"Tíṣà, ìwé ọmọ mi ti dé," ó ní. "Ẹ wá kà á fún mi, kí n mọ ohun tí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí lọ́jọ́ Sátidé."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Èkó, tí mo kọ́ ní girama, ló kọ ìtàn àròsọ náà lédè Yorùbá. Gbọ̀ngàn kan ní Ìjerò ni wọ́n ti fẹ́ kó ìwé ọ̀hún jáde, wọ́n sì ti fi àga sílẹ̀ fún ìyá náà níwájú.

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń kà, òun ń yan gàrí. Ìwé náà dára. Ọ̀pọ̀ ìwé tuntun tí mo ti kà, ọ̀rọ̀ dídùn lásán ló kún inú wọn, ṣùgbọ́n nínú èyí mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn wa. Ìyá inú ìwé náà ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì máa ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ jà bí ẹni ń bá orogún jà. "Èmi nìyẹn," ni obìnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ burúkú." Ìgbà tó yá, a dé ibi tí ìyá inú ìwé ti kú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí agbada. "Ta ló kú?"

"Ìyá inú ìwé ni."

"Èyí tó ń tiro?"

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ ilé ìwé, pé ìtàn àròsọ ni, kò bá ẹnikẹ́ni wí.

"Tíṣà, ẹ má fi ọgbọ́n ilé ìwé bá mi sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ mi ńkọ́, ó pa òun náà?"

"Rárá, ewúrẹ́ wà láàyè."

"Ó ṣeun. Ó dá ewúrẹ́ sí."

Gàrí ti ń jóná. Ó ní òun ò ní í dé Ìjerò, òun ò ní í lọ jókòó níwájú bí òkú tí wọ́n wọ láṣọ.

Nígbà tí ọmọ náà ti Èkó dé, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ bẹ ìyá òun. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá àdògán. "Màámi, bí fóònù bá ti dún láàárọ̀ kùtù, àyà mi á já, màá rò pé ẹ ti lọ. Mo kọ ọ́ kí ẹ̀rù yẹn lè fi mí sílẹ̀."

"Ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀?"

"Ó ti fi mí sílẹ̀."

"Ó dáa. Ọ̀dọ̀ mi ló wá."

Lẹ́yìn náà, ìyá bi í bóyá wọ́n lè yí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ padà. Ọmọ náà mi orí pé rárá. "Bọ́ sínú ulé nígbà náà," ìyá ní, "kí o bá mi wá aṣọ tí mo máa wọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n ní kí ìyá òǹkọ̀wé dìde, ó gba maikirofóònù lọ́wọ́ olùdarí ètò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ ọ́. "Ẹ wò mí dáadáa kí ẹ tó ra ìwé yẹn," ó ní. "Èmi rè é. Mi ò tíì kú." Gbọ̀ngàn kún fún ẹ̀rín, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Èmi tí mo wà nítòsí rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó wá rọra bi mí pé, "Àwọn tí kò wá síbí ńkọ́, tí wọ́n máa kà á?"

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ẹnì kan bá ń sọ ìtàn tó kàn ọ́, wàá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, wàá ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì. Ìwé kì í gbọ́ tẹnu ẹni. Obìnrin náà ṣì ń yan gàrí títí dòní, ṣùgbọ́n nínú ilé àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìkòrò, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìwé yẹn ni wọ́n ń sin ín.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń kó ìwé wọn tuntun wá bá mi, kí n bá wọn sọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Ó ń rẹ̀ mí. Mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí n tó ṣí i: "Ẹni tó o kọ sínú rẹ̀ yìí, ṣé o ti kà á fún un?" Ẹ̀rín ni púpọ̀ wọn máa ń rín. Àwọn tó bá dákẹ́, tí wọ́n ń rò ó, ni mo máa ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn kà.